Ojú Àgbà: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tí Ń Na Ìwé Jìnnà Kí Wọ́n Tó Lè Kà Á

Bí ènìyàn bá wọ púpọ̀ nínú àwọn ilé wa ní àkókò àdúrà ìrọ̀lẹ́, bí bàbá inú ilé náà bá sì ti kọjá ogójì ọdún, ohun kan wà tí kò ní ṣàì rí. Bàbá yóò ṣí Bíbélì, yóò gbé e sún mọ́ ojú, yóò tún nà án jìnnà, yóò yí ara padà sí ibi tí iná gbé wà, lẹ́yìn náà ni yóò na ìwé náà sí ọmọ rẹ̀ pé, "Ìwọ ni kí o kà á lónìí, kí ahọ́n rẹ lè mọ́ ọn." Ọmọ náà kò mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ahọ́n tirẹ̀ rárá, bí kò ṣe nítorí ojú bàbá rẹ̀. Ìyá pẹ̀lú, níbi tí ó jókòó tì ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò di òwú mú ní ọwọ́ kan àti abẹ́rẹ́ ní ọwọ́ kejì, yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ó tó ké pe ọmọ aládùúgbò pé kí ó wá bá òun ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

A lè fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a bá rò ó dé òpin, kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wà nínú ìjọ tí ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún òun, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ni kò lè kà mọ́. Akọrin wà tí ó di ẹni tí ń mi ẹnu lásán láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú ìwé orin ti di eruku ní ojú rẹ̀. Aránṣọ wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún, tí kò sì mọ̀ pé ojú rírán rẹ̀ ni kò gún mọ́. Olúkúlùkù wọn pa ọ̀ràn náà mọ́ra bí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Àwọn mìíràn kò pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé e lọ kò yẹ: wọ́n ní ayé ni ó fọwọ́ kan ojú àwọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí náwó lé orí ẹ̀tù àti oríṣiríṣi omi tí a ń kán sí ojú.

Ohun tí ojú wọ̀nyí ń fẹ́ kò ju jígí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn jígí náà tí ó lágbára ju jígí lọ, a ó sì dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fa ti ìwé kíkà yìí.

Nínú ojú, lẹ́yìn ọmọ ojú dúdú tí a ń rí ní àárín, ohun kan wà tí ó mọ́ gaara bí omi, tí ó rí róbótó, tí ó sì wú díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. A ó máa pè é ní awò inú ojú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé jọ sí ojú kan lórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn ojú, kí ohun tí a ń wò lè hàn ketekete. Bí ohun náà bá jìnnà, awò yìí a tẹ́. Bí ó bá sún mọ́ wa, iṣan kékeré tí ó yí awò náà ká a kó ara jọ, awò náà a sì wú ní àárín, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ tó fún ìtòsí. Ojú ń ṣe èyí lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín mọ̀.

Láti ìgbà èwe sì ni awò yìí ti ń le díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo okùn rọ́bà tí a fi ń so owó. Nígbà tí ó wà ní tuntun, bí a bá fà á, a nà. Bí a bá fi í sílẹ̀, a padà sí bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti pẹ́ nínú òòrùn, bí a tilẹ̀ fi gbogbo agbára fà á, kì í nà mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni awò inú ojú: iṣan tí ń fà á lè ṣì lágbára, ṣùgbọ́n awò náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́ mọ́. Ọmọ ọdún 10 lè gbé ìwé sún mọ́ ojú tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8, kí ó sì kà á láìní wàhálà. Fún ẹni ọdún 40, ìwọ̀n náà ti di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20. Nígbà tí ó bá fi di ẹni ọdún 50, ìwé náà ní láti wà ní nǹkan bí ìdajì mítà kí ó tó hàn dáradára, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ènìyàn ti ń tán lọ. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé lójijì ni ọ̀ràn náà dé, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ti ń bọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Kò sí ẹni tí ó bọ́ nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ọba tàbí tálákà, ìbáà ṣe dúdú tàbí funfun. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn fún un, presbyopia, láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá, kò sì ju "ojú àgbà" lọ. Presbys tí ó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan náà tí a ti rí orúkọ tí a ń pe àwọn àgbà ìjọ. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe èpè. Ní ọdún 2015, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀, àwọn ènìyàn tí ojú àgbà ti dé bá ní gbogbo ayé tó bílíọ̀nù 1.8, àwọn tí kò sì ní jígí tí ó tó fún un nínú wọn jẹ́ mílíọ̀nù 826.

Ẹni kan lè wí pé, "Èmi kì í ṣe akọ̀wé, kí ni mo fẹ́ fi jígí ìwé kíkà ṣe?" Kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní ìpínlẹ̀ Assam, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń já ewé tíì nínú oko ńlá, àwọn onímọ̀ mú òṣìṣẹ́ 751 tí wọ́n ti tó ọdún 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n fún apá kan ní jígí lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì mú kí apá kejì dúró títí ìdánwò náà fi parí. Iṣẹ́ oko ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe ìwé. Síbẹ̀ ewé tí àwọn tí wọ́n ní jígí ń já ní ojúmọ́ kan fi kìlógírámù 5 ó lé díẹ̀ ju ti ìbísí àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, èyí tí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún. Ọdún 2018 ni wọ́n tẹ ìròhìn rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2024 ni ìròhìn mìíràn tún jáde láti Bangladesh, nípa àwọn ará oko àti oníṣẹ́ ọwọ́ 824 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 35 àti 65. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, owó tí àwọn tí a fún ní jígí ń rí lóṣù fi ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ ju ti àwọn tí kò tíì rí i gbà. Ẹ wò ó bí ó ti rí: kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun, kì í ṣe owó yíyá, jígí lásán ni. Ẹni tí ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, ẹni tí ń di irun, ẹni tí ń tún agogo ṣe, ẹni tí ń ka owó ní ọjà, ojú ìtòsí ni gbogbo wọn fi ń jẹun.

Jígí náà kì í sì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1306, ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, àlùfáà kan tí a ń pè ní Giordano da Rivalto sọ nínú ìwàásù rẹ̀ pé ọgbọ́n àtiṣe jígí ojú kò tíì pé ogún ọdún tí a rí i, àti pé òun ti bá ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é sọ̀rọ̀. Ní Treviso, ní ilẹ̀ náà kan náà, àwòrán kan wà lára ògiri tí Tommaso da Modena kùn ní ọdún 1352, níbi tí kádínà kan jókòó tì ìwé rẹ̀ pẹ̀lú jígí lórí imú. Èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé kádínà náà ti kú láti ọdún 1263, kí a tó ṣe jígí àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ayàwòrán náà kò rò pé ọ̀mọ̀wé àgbàlagbà lè wà láìní jígí.

Jígí tí ó rọrùn jù ni èyí tí a ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ní ọjà, àti lójú pópó nígbà tí mọ́tò bá dúró. Ojú rẹ̀ méjèèjì ní agbára kan náà, a sì kọ nọ́ńbà agbára náà sí i lára: +1.00, +1.50, +2.00, títí lọ. Ìtumọ̀ nọ́ńbà náà kò ṣòro. Jígí +1.00 ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ní ìwọ̀n mítà kan, +2.00 ní ìdajì mítà, +2.50 ní sẹ̀ǹtímítà 40, èyí tí ó jẹ́ ibi tí púpọ̀ nínú wa ń gbé ìwé sí. Ẹni tí ojú àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá, tí ó ṣì ní agbára díẹ̀ nínú awò ojú rẹ̀, +1.00 tàbí +1.50 a máa tó o. Ẹni ọdún 50 ó lé díẹ̀ sábà máa ń lo +2.00, ẹni 60 a máa lo +2.50. Bí ẹ bá fẹ́ yan án, ẹ mú ìwé ìròhìn dání lọ, ẹ dúró sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbé wà, ẹ gbé ìwé náà sí ibi tí ẹ ti máa ń kà á, kí ẹ sì mú èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ hàn ketekete. Ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan, ẹ kà. Ẹ bo èkejì, ẹ tún kà. Bí ojú méjèèjì kò bá rí bákan náà, jígí ọjà kò yẹ yín, nítorí ojú tí ó yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀ ń fẹ́ jígí tí a wọ̀n fún un nìkan.

Ẹ má ṣe wọ jígí ìwé kíkà rìn ní òpópó. Ìtòsí ni a ṣe é fún. Ohun tí ó jìnnà yóò ṣú lójú ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ibi tí àtẹ̀gùn wà kò sì ní hàn sí i dáradára. Nítorí náà ni a ti ń rí àwọn àgbà tí wọ́n gbé jígí wọn sọ̀kalẹ̀ sí ṣóńṣó imú, tí wọ́n ń yọ ojú wò wá láti òkè rẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa rò pé ìbínú ni.

Ẹni tí ó ń lo jígí fún ọ̀nà jíjìn tẹ́lẹ̀, tí ó wá ń fẹ́ òmíràn fún ìtòsí, yóò rẹ̀ ẹ́ láti máa pààrọ̀ méjì. Ó rẹ Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Nínú ìwé tí ó kọ láti ilẹ̀ Faransé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1785, ó sọ bí òun ti mú kí a gé jígí méjèèjì sí ìdajì, kí a sì fi ìdajì ti ọ̀nà jíjìn sí òkè, ìdajì ti ìtòsí sí ìsàlẹ̀, nínú férémù kan ṣoṣo. Jígí alápá méjì yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń lò títí di òní, a sì ń mọ̀ ọ́n nípa ìlà tí ó wà láàárín rẹ̀. Ní ọdún 1959 ni Bernard Maitenaz, ará Faransé, gbé èyí tí kò ní ìlà jáde, tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí kò jìnnà tí kò sì sún mọ́, bí ojú ẹni tí a ń bá jẹun, ń hàn pẹ̀lú. Èyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ń fẹ́ kí a wọ̀n ọ́n dáradára. Etí rẹ̀ ọ̀tún àti òsì máa ń ṣú díẹ̀, ènìyàn sì ní láti kọ́ bí a ti ń yí orí dípò ojú. Ẹni tí ó bá wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, kí ó tẹ orí ba nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí ó lè fi apá òkè wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ti ṣubú nítorí pé apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi wo ilẹ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí kò fẹ́ jígí lójú. Awò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú gan-an, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ dáradára. Àwọn kan nínú rẹ̀ wà fún ojú àgbà, tàbí kí a ṣe ti ojú kan fún ọ̀nà jíjìn, kí a sì ṣe ti èkejì fún ìtòsí, kí ọpọlọ máa yan èyí tí ó fẹ́. Ẹni tí ó bá lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nígbà gbogbo, tí kò ní fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ fọ awò náà, tí kò sì ní fi í sùn, ni ó yẹ fún. Iṣẹ́ abẹ wà pẹ̀lú. Wọ́n lè fi iná lésà tún iwájú ẹyinjú ṣe, ojú kan fún jíjìn, èkejì fún ìtòsí. Wọ́n sì lè yọ awò inú ojú kúrò pátápátá, kí wọ́n fi èyí tí a fi ọwọ́ ṣe dípò rẹ̀. Ẹni tí a óò ṣe iṣẹ́ abẹ fún tẹ́lẹ̀ nítorí kùrukùru ojú, ó tọ́ kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè irú awò tí yóò fi sí i, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ń ran ìtòsí àti jíjìn lọ́wọ́ papọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń mú kí iná mọ́tò ní òru ní òrùka yíká lójú ẹni. Ṣùgbọ́n láti gbé ojú tí ó dá ṣáká lọ sábẹ́ ọ̀bẹ nítorí àtibọ́ lọ́wọ́ jígí nìkan, àwa kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ wéréwéré.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kíkán kan fún ojú àgbà, wọ́n sì tún fọwọ́ sí òmíràn ní ọdún 2025. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré kan sára páálí, ẹ bọ́ jígí, kí ẹ sì fi ojú kan wo ìwé láti inú ihò náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ṣú yóò hàn. Ihò kékeré ń dènà ìmọ́lẹ̀ tí ń fọ́n káàkiri, oògùn náà sì ń mú kí ọmọ ojú kéré bí ihò abẹ́rẹ́. Ti ọdún 2021 kì í ju nǹkan bí wákàtí mẹ́fà lọ, ó lè fa ẹ̀fọ́rí, ó sì ń mú kí òru ṣókùnkùn sí i fún awakọ̀. Kò wo ojú àgbà sàn. Awò inú ojú le síbẹ̀.

A ní láti sọ èyí gbangba, nítorí pé àwọn tí ń ta omi ojú lójú ọjà ń ṣèlérí pé tiwọn yóò sọ ojú àgbà di ti ọmọdé. Kò sí oògùn náà lábẹ́ ọ̀run títí di òní. Èyí tí ó burú jù ni pé púpọ̀ nínú oògùn tí a ń rà láìsí ìwé dókítà ní èròjà tí a ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì nínú. Ojú tí ń yún ni yóò kọ́kọ́ tù, ẹni tí ó rà á yóò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kán án fún oṣù púpọ̀, ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga, kí awò inú ojú sì ṣú. Ìtọ̀, omi ọmú, oje ewé, gbogbo ohun tí àwọn aládùúgbò ń sọ fún ni pé kí a kán sí ojú, egbò àti ìfọ́jú ni wọ́n ti mú bá ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìgbàgbọ́ kan sì tún wà pé jígí ni ó ń ba ojú jẹ́, pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ kò ní lè fi sílẹ̀ mọ́. Òtítọ́ ni pé kò ní lè fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe jígí ni ó fà á. Awò inú ojú yóò máa le síwájú, bí a wọ jígí, bí a kò wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ kò pa ojú rẹ̀ mọ́, ìwé kíkà rẹ̀ ni ó sọ nù.

Wàyí o, a dé ibi tí a ti sọ pé a ó dé. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní gulọkómà. Kì í dun ni, kì í mú ojú pọ́n, kì í sì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìwé kíkà. Iṣan tí ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ ni ó ń jẹ, láti etí ìríran wá sí àárín, ní díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ní i lè máa ka ìwé rẹ̀ láìkọsẹ̀ nígbà tí ó ti ń kọlu àpótí àti ìlẹ̀kùn. Ohun tí ó ti bà jẹ́ kò ṣe é tún ṣe. Èyí tí ó kù ni a lè fi oògùn kíkán, iná lésà tàbí iṣẹ́ abẹ dá sí. Láàárín ọdún 2005 àti 2007, àwọn dókítà lọ káàkiri gbogbo Nàìjíríà láti yẹ ojú àwọn tí wọ́n ti tó ọdún 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò. Wọ́n rí i pé ẹni kan nínú 20 ni ó ní àrùn yìí, àti pé nínú 100 tí ó ní i, nǹkan bí 6 péré ni ó mọ̀. Àwa ènìyàn dúdú ni ó sì ń bá jà jù, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé.

Ẹ kíyèsí bí ọ̀ràn méjèèjì ti pàdé. Ọdún tí ojú àgbà ń dé ni ọdún tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí wá gulọkómà. Ojú àgbà ń pariwo, gulọkómà dákẹ́. Ẹni tí ìwé kíkà bá nira fún yóò fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí jígí rà lójú ọ̀nà, tí ọ̀rọ̀ sì hàn, yóò padà sílé pẹ̀lú ayọ̀, kò sì ní rí ìdí kankan tí òun tún fi ní láti lọ. Báyìí ni jígí dáradára fi lè ṣí ojú ènìyàn sí ìwé, kí ó sì ti ìlẹ̀kùn dókítà mọ́ ọn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra jígí ọjà. Ẹ rà á, kò sí ìtìjú níbẹ̀, kì í ba ojú jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò ní tòótọ́, bí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí èyíkéyìí tí ó sún mọ́ yín, kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú, kí wọ́n sì fi iná wo iṣan tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ti fọ́jú láìmọ ìdí, kí ó má ṣe dúró de ọdún 40 rárá.

Ohun kan tún wà tí a máa ń fi dúpẹ́ nínú ìjọ, tí ó yẹ kí a fi lọ dókítà. Ìyá àgbà tí ó ti ń lo jígí láti ogún ọdún yóò jí ní ọjọ́ kan, yóò rí i pé òun lè ka ìwé láìsí jígí, gbogbo ilé yóò sì yọ̀ pé ojú màmá ti padà di ti ọ̀dọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kùrukùru ojú tí a ń pè ní kátárátì ni ó bẹ̀rẹ̀: awò inú ojú ń nípọn sí i ní àárín, agbára rẹ̀ sì pọ̀ fún ìtòsí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ti ń ṣú. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀; ẹni tí jígí rẹ̀ bá dára lónìí tí kò dára lọ́la, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nítorí àtọ̀gbẹ. Bí ojú kan bá sì ṣú lójijì, tàbí tí ènìyàn rí bí mànàmáná àti eṣinṣin dúdú púpọ̀ níwájú ojú rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ẹni tí ó bá ń lọ wọn ojú, kí ó mú iṣẹ́ rẹ̀ dání. Kí aránṣọ mú abẹ́rẹ́ àti aṣọ dúdú, nítorí pé òwú dúdú lórí aṣọ dúdú ni ìdánwò rẹ̀. Kí akọrin sọ bí ìwé orin ti jìnnà sí òun tó nígbà tí ó bá wà lórí àga ìwé, nítorí pé ibẹ̀ jìnnà ju Bíbélì tí a gbé lé itan lọ, jígí tí agbára rẹ̀ kéré díẹ̀ ni ó sì yẹ ẹ́. Kí ó mú jígí ògbólógbòó rẹ̀ lọ pẹ̀lú àti gbogbo oògùn ojú tí ó ti ń kán, ìbáà ṣe èyí tí ó tijú láti fi hàn. Láàárín ọdún 40 àti 60, agbára jígí a máa yí padà ní nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ìyípadà rẹ̀ kì í pọ̀ mọ́. Omi àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́, aṣọ òwú rírọ̀ ni a fi ń nù ún, kì í ṣe etí ìró tí eruku ọjà wà lára rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ gbé e kalẹ̀, kí a má ṣe dojú rẹ̀ bolẹ̀.